Akẹtẹ̀ Apẹja àti Ìmọ̀ràn Dókítà

Ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn apẹja ọ̀sà ní Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ ti ń dé akẹtẹ̀. Bí o bá bi wọ́n, wọn á ní nítorí oòrùn ni. Ó pẹ́ kí àwọn dókítà tó mọ bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe jinlẹ̀ tó.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìtànṣán oòrùn tí ojú kò rí ni wọ́n ń kìlọ̀ fúnni nípa rẹ̀. Ní 2010, ìwádìí kan láti Detroit, ní Amẹ́ríkà, fi hàn pé ìmọ́lẹ̀ tí ojú ń rí gan-an máa ń mú kí awọ adúláwọ̀ ṣú sí i. Kò rí bẹ́ẹ̀ lára àwọn òyìnbó tí wọ́n yẹ̀ wò.

Ìpara funfun lásán kì í dí ìmọ́lẹ̀ yìí tó. Nítorí náà, àwọn dókítà awọ ara ń gba ẹni tí ojú rẹ̀ ní àmì dúdú nímọ̀ràn láti lo ìpara aláwọ̀ ara, tó ní èròjà irin tó dógùn-ún nínú, kó dé fìlà, kó sì wá ibòòji.

Ẹni tí kò mọ èyí lè fi ìpara ìbóra lé àmì náà. Èyí tó bá ní mẹ́kúrì lè ba kíndìnrín jẹ́. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, akẹtẹ̀ bàbá wa kò bóra, ó ń dáàbò bo ara ni.