Ibi tí "of" wọlẹ̀ sí: ìtàn "despite" àti "in spite of"

Ní 1889 ni ìjọba Faransé àti ti Gẹ̀ẹ́sì fẹnu kò lórí ààlà tó pín ilẹ̀ Kétu sí méjì. Kétu fúnra rẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ Faransé, Mẹ̀kọ tó jẹ́ ọmọ ìyá rẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ní Kétu, Ṣábẹ̀ẹ́ àti Àjàṣẹ́ ti ń gba inú Faransé kọjá kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Àṣìṣe kan ń fi ọ̀nà yìí hàn: "despite of the rain". Bíírò pupa ni olùkọ́ ń fi fa "of" náà, ó tán. Ṣùgbọ́n "en dépit de" ni akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́ lédè Faransé, "de" yẹn ló sì sọ di "of". Èrò rẹ̀ kò burú, nítorí ilé kan náà ni ọ̀rọ̀ méjèèjì ti wá. "Despectus" ti Látìnì, ìyẹn kí a máa fojú tẹ́ńbẹ́lú ẹnì kan, ló di "despit" ní Faransé àtijọ́. Gẹ̀ẹ́sì sì yá a lẹ́yìn tí àwọn ará Normandy ṣẹ́gun ilẹ̀ wọn ní 1066. Ọ̀rọ̀ orúkọ ni nígbà náà. Ẹni tó bá ṣe nǹkan "in despite of" ọba, ó fojú di ọba ni.

Ọ̀rọ̀ náà gùn jù lẹ́nu, wọ́n sì gé e lọ́nà méjì. Àwọn kan gé orí "despite", ó ku "spite": ibẹ̀ ni "in spite of" ti jáde, "of" rẹ̀ kò sì kúrò títí di òní. Àwọn mìíràn gé "in" sọnù, ó ku "despite of". Shakespeare lò ó nínú eré rẹ̀ Measure for Measure, kò sì jẹ́ àṣìṣe nígbà ayé rẹ̀. Ẹ̀yìn èyí ni "of" tó wà lára rẹ̀ bọ́ dànù. Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, tí olùdánwò òde òní kò ní fún ní máàkì, ni ọmọ Àjàṣẹ́ ń kọ.

"Malgré" pàápàá wọ Gẹ̀ẹ́sì rí, wọ́n pè é ní "maugre". Ó ti kú. "Notwithstanding" ní tirẹ̀ fara wé "non obstante" ti àwọn amòfin. Òun nìkan nínú wọn ló lè tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ orúkọ lẹ́yìn: "the rain notwithstanding".

Ní ti ìtumọ̀, "despite" àti "in spite of" kò yàtọ̀. Ibi tí Yorùbá wa ti lè ràn wá lọ́wọ́ ni ohun tó lè tẹ̀ lé wọn. "Láìka òjò sí, wọ́n ná ọjà": ọ̀rọ̀ orúkọ ni "láìka" gbé mọ́ra, "despite" sì nìyẹn. "Bó tilẹ̀ jẹ́ pé òjò rọ̀, wọ́n ná ọjà": odidi gbólóhùn ló wà níbí, "although" ló sì ni ín. Ẹni tó bá kọ "despite it rained" ti gbé gbólóhùn kalẹ̀ níbi tí ọ̀rọ̀ orúkọ yẹ kó wà; tí kò bá sì fẹ́ fi "despite" sílẹ̀, kó fi "the fact that" sáàrin, bí a ṣe ń sọ pé "láìka pé òjò rọ̀ sí".