Òkìtì Iyanrìn Ẹnu Òkun Èkó

Àwọn àgbà a máa wí pé, "Òkun kì í hó ruru kí a wà á ruru." Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn a máa pa òwe yìí fún ẹni tí ó yára bínú, ṣùgbọ́n ní etí òkun Èkó kì í ṣe òwe lásán, òfin ọkọ̀ wíwà ni. Ẹni tí ó bá rú òfin náà lè ṣàì padà wá sí ilé. Nínú àròkọ yìí, a ó wo bí ẹnu-ọ̀nà òkun náà ti rí ní àtijọ́, bí a ti ń fi ọkọ̀ kékeré là á kọjá, àti ohun tí ó ti ibẹ̀ wọ inú ìtàn ilẹ̀ wa. Àwọn ìwé ìtàn a máa sọ̀rọ̀ púpọ̀ nípa àwọn gómìnà àti àwọn ọ̀gá ọkọ̀ ogun. Wọn kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ nípa ẹni tí ó di àjẹ̀ mú. Bẹ́ẹ̀ ni, bí kò bá sí ẹni tí ó di àjẹ̀ mú, gómìnà kì bá ti dé èbúté.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ bí ilẹ̀ ibẹ̀ ti rí. Láti ìhà Kútọnu títí dé Èkó, àti láti Èkó lọ sí ìhà ìlà oòrùn, iyanrìn gbọọrọ ni etí òkun wa. Kò sí àpáta tí ó yọrí sínú òkun, kò sì sí ibi tí ọkọ̀ lè sá pamọ́ sí. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn iyanrìn náà ni ọ̀sà wà, tí omi rẹ̀ pa rọ́rọ́. Ní Èkó ni ọ̀sà náà ti rí ẹnu tí kì í dí láti ọdún dé ọdún, tí ó ń gbà bọ́ sínú òkun. Omi odò Ògùn àti ti àwọn odò mìíràn ń ti inú ọ̀sà jáde níbẹ̀, omi òkun pẹ̀lú sì ń gba ibẹ̀ wọlé nígbà tí ó bá ń kún. Ẹnu yìí ni ó sọ Èkó di ìlú ńlá.

Ṣùgbọ́n ẹnu náà ní eyín. Ìgbì tí ó ń ti ìhà gúúsù ìwọ̀ oòrùn wá kì í sinmi. Ó ń gbá iyanrìn lọ láti ìwọ̀ oòrùn sí ìlà oòrùn lójoojúmọ́ ayé. Nígbà tí iyanrìn náà bá dé ibi tí omi ọ̀sà ti ń tú jáde, omi méjèèjì a pàdé, agbára wọn a dínkù, iyanrìn a sì rọ̀ sí ìsàlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni òkìtì iyanrìn ńlá ṣe dábùú ẹnu-ọ̀nà lábẹ́ omi. Òkìtì yìí ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní bar, òun ni a sì fi sọ etí òkun tí ó wà nítòsí rẹ̀ ní Bar Beach. Ní àtijọ́, omi orí rẹ̀ kò ju bí ẹsẹ̀ bàtà 9 sí 13 lọ, òkìtì náà kì í sì í dúró sí ojú kan. Ibi tí ọkọ̀ gbà kọjá ní oṣù yìí lè di ilẹ̀ ní oṣù tí ń bọ̀.

Kí ni ó sọ ibẹ̀ di ibi ikú? Ìgbì tí ó wà ní àárín agbami ga, ṣùgbọ́n kò burú. Ó ń gbé ọkọ̀ sókè, ó sì ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀ jẹ́jẹ́. Nígbà tí ó bá dé ibi tí omi kò jìn, ilẹ̀ a di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, ṣùgbọ́n orí rẹ̀ kò ní dúró. Ìgbì náà a ga sí i, a nà ró bí ògiri, a sì wó lulẹ̀ pẹ̀lú ariwo bí ti àrá. Bí omi ọ̀sà bá sì ń fà jáde ní àkókò kan náà, tí ó ń kọlu ìgbì tí ń wọlé, ìgbì a súnmọ́ ara wọn, ẹ̀yìn wọn a sì gùn ju bí a ti lè fi ọkọ̀ gùn ún lọ. Nítorí náà, ẹni tí ó mọ ibẹ̀ kì í là á kọjá nígbà tí omi bá ń fà. A dúró títí òkun yóò fi kún tán tàbí títí ó fi kù díẹ̀ kí ó kún, nígbà tí omi orí òkìtì bá jìn jù, tí ìjà omi méjèèjì sì rọlẹ̀.

Sùúrù ni iṣẹ́ àkọ́kọ́ atukọ̀. Bí ó bá ń jáde lọ sí òkun, a dá ọkọ̀ dúró ní ibi tí ìgbì kò ti wó, a sì máa ka ìgbì. Ìgbì kì í wá lọ́kọ̀ọ̀kan bákan náà. Àwọn ńlá a máa tẹ̀lé ara wọn wá, lẹ́yìn èyí ni omi a sinmi díẹ̀. Ní àkókò ìsinmi náà ni atukọ̀ a pariwo, gbogbo àjẹ̀ a sì wọ inú omi lẹ́ẹ̀kan náà. Láti ìgbà náà kò sí àyè ìyípadà. Orí ọkọ̀ ni a gbọ́dọ̀ kọ sí ìgbì, kì í ṣe ìhà rẹ̀. Nítorí ìgbì tí ó bá bá ọkọ̀ ní ìhà yóò dojú rẹ̀ dé.

Wíwọlé ṣòro ju jíjáde lọ, nítorí ẹ̀yìn ni ewu ń gbà bọ̀. Atukọ̀ tí ó bá ń sáré níwájú ìgbì yóò rí i pé ìgbì gbé ìdí ọkọ̀ sókè, orí ọkọ̀ a sì gún ilẹ̀. Ọkọ̀ a yí sí ẹ̀gbẹ́, ó sì parí. Ẹni tí ó gbọ́n kì í bá ìgbì sáré ìje. A jẹ́ kí àwọn ńlá kọjá, a sì tẹ̀lé ẹ̀yìn èyí tí ó kẹ́yìn, a kò ní yára ju ú lọ, a kò sì ní fà sẹ́yìn tó bẹ́ẹ̀ tí èyí tí ń bọ̀ yóò fi bá a. Nítorí èyí ni àwọn atukọ̀ àtijọ́ fi ń lo àjẹ̀ gígùn kan ní ìdí ọkọ̀. Ìtọ́kọ̀ tí a kàn mọ́ ọkọ̀ a máa jáde kúrò nínú omi nígbà tí ìgbì bá gbé ìdí sókè, kò sì ní ṣiṣẹ́ mọ́. Ṣùgbọ́n àjẹ̀ gígùn a máa bá omi níbikíbi.

Nísinsin yìí, ẹ jẹ́ kí a bi ìtàn léèrè ohun tí ó gba ojú omi yìí kọjá. Èsì àkọ́kọ́ kò dùn. Ní ìparí ọgọ́rùn-ún ọdún kejìdínlógún àti ní ìbẹ̀rẹ̀ èyí tí ó tẹ̀lé e, ẹrú ni òwò tí ó pọ̀ jù ní Èkó. Ọkọ̀ ńlá a dúró sí agbami, ọkọ̀ kékeré a sì máa kó àwọn ọmọ ènìyàn lọ bá a. Ní oṣù Kẹrin ọdún 1822 ni a kó Àjàyí, ọmọ Òṣogùn, sínú ọkọ̀ Potogí kan ní Èkó. Kò pẹ́ rárá tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì fi gba òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ là, tí a sì kó wọn lọ sí Ṣàró. Òun ni ó di Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Ajayi Crowther. Ọwọ́ kan náà tí ó mọ bí a ti ń ka ìgbì ni ó kó àwọn tí kò padà mọ́ lọ. Ọgbọ́n dára, ṣùgbọ́n ọgbọ́n nìkan kò sọ ènìyàn di olóòótọ́. Ohun tí a fi ọgbọ́n ṣe ni a ó bèèrè lọ́wọ́ wa.

Nígbà tí Crowther padà wá pẹ̀lú Henry Townsend àti C. A. Gollmer ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1845, Àgbádárìgì ni wọ́n gúnlẹ̀ sí. Níbẹ̀ pẹ̀lú, ọkọ̀ kékeré ni ó gba inú ìgbì gbé wọn dé iyanrìn. Àwọn Ṣàró tí ó ń padà bọ̀ wá sí ilẹ̀ baba wọn, àti àwọn Àgùdà tí ó ti Bràsíìlì dé, ìgbì ni wọ́n kọ́kọ́ pàdé kí wọ́n tó pàdé ìbátan. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí Townsend fi tẹ Ìwé Ìròhìn ní Abẹ́òkúta ní ọdún 1859, òkun ni ó gbà wá kí ó tó gun odò. Ẹ̀yin olùkọ́ tí ó ń kọ́ ọmọ ní ìwé Yorùbá lónìí, ẹ má ṣe gbàgbé pé apá àwọn atukọ̀ wà nínú iṣẹ́ náà.

Òkìtì iyanrìn náà jẹ́ odi fún Èkó pẹ̀lú. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1851, àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbìyànjú láti fi ọkọ̀ wọ ìlú, Kòsọ́kọ́ sì lé wọn padà. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kejìlá wọ́n tún padà wá. Ọkọ̀ ogun ńlá wọn, Penelope, kò lè la òkìtì kọjá. Àwọn ọkọ̀ kéékèèké rẹ̀ nìkan ni ó wọlé, pẹ̀lú Bloodhound àti Teazer tí ó jẹ́ ọkọ̀ onínáà kékeré. Inú ọ̀sà pàápàá kò fi wọ́n lọ́rùn sílẹ̀: àwọn méjèèjì jókòó sórí iyanrìn nígbà tí ìbọn ń ró. Lẹ́yìn ìjà líle, Kòsọ́kọ́ sá kúrò ní ìlú, Akíntóyè sì gun orí oyè. Ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹjọ ọdún 1861, Dòsùnmú fi ọwọ́ sí ìwé tí ó fi Èkó fún ìjọba Gẹ̀ẹ́sì.

Ìjọba gba ìlú, ṣùgbọ́n kò lè pàṣẹ fún iyanrìn. Fún ìwọ̀n àádọ́ta ọdún lẹ́yìn náà, àwọn ọkọ̀ ńlá láti òkè òkun kò lè wọ Èkó. Wọn a máa dúró sí agbami, tàbí kí wọ́n lọ já ẹrù sí Forcados, níbi tí ẹnu odò ti jìn. Láti ibẹ̀ ni ọkọ̀ kékeré yóò ti kó o padà wá sí Èkó. Èrò tí ó bá fẹ́ sọ̀kalẹ̀ ní agbami a jókòó sínú àpótí onígi kan tí ó ní ìjókòó, ẹ̀rọ ọkọ̀ a gbé e sókè, a sì sọ ọ́ kalẹ̀ sínú ọkọ̀ kékeré tí ó ń jó lórí ìgbì nísàlẹ̀. Bí kò bá bọ́ sí àsìkò, egungun a ṣẹ́. Àwọn àkurákudà sì ń dúró de ẹni tí ó bá ṣubú. Irin tí a fi la ojú ọ̀nà rélùwéè, èyí tí a bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1896 tí ó sì dé Ìbàdàn ní ọdún 1901, òkun ni ó gbà wá.

Ta ni àwọn tí ó ń ṣe iṣẹ́ yìí? Ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ará Krú láti etí òkun Làìbéríà, àti Fàǹtí láti Góòlù Kósìtì, àwọn ènìyàn tí a bí sí etí ìgbì. A kò rí orúkọ wọn kà nínú ìwé bí a ti ń rí ti ọ̀gá ọkọ̀. Ní Àkrá, iṣẹ́ wọn kò tán títí a fi ṣí èbúté Tema ní ọdún 1962.

Ní Èkó, ìyípadà dé ṣáájú. Ní ọdún 1907, ọkọ̀ awalẹ̀-omi tí a sọ ní Egerton, ní orúkọ gómìnà ìgbà náà, bẹ̀rẹ̀ sí wa iyanrìn òkìtì náà. Ní ọdún 1908, a bẹ̀rẹ̀ sí ju òkúta ńlá sínú òkun láti mọ ògiri ìlà oòrùn; lẹ́yìn náà ni ti ìwọ̀ oòrùn, kí omi ọ̀sà lè gba ọ̀nà tóóró sáré jáde, kí ó sì máa fi agbára ara rẹ̀ gbá iyanrìn lọ. Ní ọdún 1914, ọkọ̀ lẹ́tà tí a ń pè ní Akabo la òkìtì kọjá wọ inú ọ̀sà. Ọjọ́ ògo ni fún Èkó. Ṣùgbọ́n ó jẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ òpin fún iṣẹ́ àwọn atukọ̀ agbami.

Òkun kì í sì í gbàgbé gbèsè. Iyanrìn tí ó ti ń rìn lọ sí ìlà oòrùn láti ìgbà ìwáṣẹ̀, ògiri òkúta dá a dúró. Ó pọ̀ sí ìhà ìwọ̀ oòrùn, ṣùgbọ́n ìhà kejì kò rí gbà mọ́. Ìgbì sì bẹ̀rẹ̀ sí jẹ ilẹ̀ Bar Beach lọ́dọọdún, títí etí òkun fi sún sẹ́yìn ju ìdajì máìlì lọ ní ẹ̀gbẹ́ ògiri náà. Ní ọ̀pọ̀ ìgbà ni a da iyanrìn padà síbẹ̀, tí òkun sì kó o lọ. Ìlú tuntun tí a ń pè ní Eko Atlantic, orí ilẹ̀ tí a gbà padà lọ́wọ́ òkun ni a kọ́ ọ sí, lẹ́yìn ògiri òkúta mìíràn. Ẹni tí ó bá dí ojú ọ̀nà kan, kí ó mọ ibi tí ohun tí ó dí yóò gbà.

Ṣé ọgbọ́n àwọn atukọ̀ àtijọ́ ti wá di asán? Rárá o. Ọkọ̀ ńlá ní ọ̀nà jíjìn tirẹ̀, ṣùgbọ́n apẹja ṣì ń ti ọkọ̀ rẹ̀ wọ inú ìgbì ní ọ̀pọ̀ ibi ní etí òkun wa, ìbáà ṣe Ìlàjẹ, ìbáà ṣe Ègùn. Ẹ̀rọ ti gba ipò àjẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ẹ̀rọ ní agbára, ṣùgbọ́n kò ní ojú. Kò lè ka ìgbì. Ó tilẹ̀ lè tan ènìyàn jẹ, kí ó rò pé nítorí ó yára, òun lè bá ìgbì sáré ìje. Nítorí náà àwọn òfin àtijọ́ kò yí padà: má ṣe jáde nígbà tí omi bá ń fà bí ìgbì bá ga, dúró, kí o sì kà, má ṣe di ẹrù ju agbára ọkọ̀ lọ, kọ orí ọkọ̀ sí ìgbì. Àwọn ará òde òní fi ọ̀kan kún un: wọ ẹ̀wù tí ń gbé ènìyàn lé omi kí o tó kúrò ní èbúté, nítorí kò sí ẹni tí ó ń rí àyè wọ̀ ọ́ lẹ́yìn tí ọkọ̀ bá dojú dé. Òfin tí ó kẹ́yìn ni ó sì ṣòro jù fún ọkùnrin tí ebi ń pa ọmọ rẹ̀: bí ẹnu òkun kò bá dára, padà sílé. Ẹja wà lọ́la.

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, nígbà tí ẹ bá ka ọdún 1851, 1861 àti 1914 nínú ìwé ìtàn yín, ẹ rántí pé lábẹ́ àwọn ọdún náà ni òkìtì iyanrìn kan wà, àti pé lórí rẹ̀ ni ọkùnrin kan dúró ní ìdí ọkọ̀, tí ó ń wo ẹ̀yìn rẹ̀, tí ó ń kà, tí kò sì tíì pariwo.