Ọjọ́ Kan Aboyún Tí Ẹ̀jẹ̀ Rẹ̀ Ru

Obìnrin yìí kì í ṣe ẹnì kan pàtó. Ohun tí àwọn nọ́ọ̀sì máa ń bá pàdé ní ilé ìgbẹ̀bí nílẹ̀ wa ni mo tò jọ sí ọjọ́ rẹ̀.

Aago 5 ìdájí. Orí fífọ́ ló jí i. Oyún rẹ̀ ti pé ọ̀sẹ̀ 34. Parasitamọ́ọ̀ tó lò lálẹ́ kò ran orí náà, ojú rẹ̀ sì ń ṣe bàìbàì. Ìyá ọkọ rẹ̀ wo ẹsẹ̀ rẹ̀ tó wú. "Ìyàwó mi, fọkàn balẹ̀. Ọkùnrin lo máa bí. Bó ṣe ṣe mí nìyẹn nígbà oyún ọkọ ẹ, àtorí àtẹsẹ̀." Ìyá náà ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru láràárọ̀ báyìí, kò sẹ́ni tó so ọ̀rọ̀ méjèèjì pọ̀ rí.

Aago 8:20. Àwọn aboyún ń kọrin, wọ́n ń pàtẹ́wọ́, nígbà tí nọ́ọ̀sì wọn BP rẹ̀: 172/114. Ó ní kó sinmi díẹ̀, ó tún wọ̀n ọ́n: 170/112. Bó bá ti dé 140/90, ẹ̀jẹ̀ ti ru. 160/110, pàjáwìrì ni. Wọ́n yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò, pírótéènì wà níbẹ̀. Orin ṣì ń lọ.

Aago 9. Oògùn méjì ni: ọ̀kan láti mú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, èkejì, magnesium sulphate, láti dènà gìrì. Wọ́n rọra fi gíráàmù 4 sí i ní iṣan, wọ́n gún gíráàmù 5 sí ìdí kọ̀ọ̀kan. Ooru gba gbogbo ara rẹ̀. Abẹ́rẹ́ yìí ń dẹ́rù bani, nítorí bó bá pọ̀ jù, ó lè dá èémí dúró. Ìdí nìyẹn tí nọ́ọ̀sì fi ń fi òòlù kékeré lu orúnkún rẹ̀, tó ń ka èémí, tó ń wọn ìtọ̀. Síbẹ̀, nínú ìwádìí Magpie tó jáde ní 2002, tí nǹkan bí 10,000 obìnrin láti orílẹ̀-èdè 33 kópa nínú rẹ̀, ó dín gìrì kù ju ìdajì lọ.

Aago 2 ọ̀sán. Iṣẹ́ abẹ. Inú ibi ọmọ ni wàhálà yìí ti ń bẹ̀rẹ̀: ẹ̀jẹ̀ kì í dé ibẹ̀ tó, ibi náà a sì máa tú èròjà tó ń ba iṣan ìyá jẹ́ sínú ẹ̀jẹ̀. Àfi kí ọmọ àti ibi jáde. Obìnrin ni ọmọ náà, kílò 1.9.

Aago 8 alẹ́. Fóònù ò dákẹ́: "Ẹ kú ewu ọmọ o!" Nọ́ọ̀sì ò tíì bá wọn yọ̀. Gìrì lè dé lẹ́yìn ìbí, nítorí náà abẹ́rẹ́ ń bá a lọ fún wákàtí 24.

Aago 10. Èyí ni wákàtí ìmọ̀ràn tí ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn máa ń fò. Àkójọ ìwádìí kan tó jáde ní 2007, lórí obìnrin tó lé ní mílíọ̀nù 3, fi hàn pé fún àwọn tí irú ẹ̀jẹ̀ ríru yìí bá ṣe nínú oyún, ewu ẹ̀jẹ̀ ríru lọ́jọ́ iwájú fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po mẹ́rin, ti àrùn ọkàn àti rọpárọsẹ̀ sì di nǹkan bí ìlọ́po méjì.

Nọ́ọ̀sì alẹ́ yìí kò fò ó. Ó fa àga sún mọ́ bẹ́ẹ̀dì. "Ìyá ọmọ, kódà bí ọmọ yìí bá ti ń lọ sílé ìwé, ẹ máa yẹ BP yín wò lọ́dọọdún. Dókítà yòówù kẹ́ ẹ rí, ẹ sọ fún un pé ẹ̀jẹ̀ yín ru nígbà oyún; ó lè má bi yín. Bí ẹ bá sì tún lóyún, ẹ tètè wá, ká lè bẹ̀rẹ̀ aspirin láti ọ̀sẹ̀ 12."

"Ṣé ọkàn mi ti bàjẹ́ ni, mà?"

"Rárá o. Ìkìlọ̀ ni ara yín ṣe fún yín."

Ó kọ gbogbo rẹ̀ sẹ́yìn káàdì àjẹsára ọmọ, nítorí káàdì yẹn nìkan ni àwọn ìyá kì í jẹ́ kó sọnù.