Katako: Orúkọ Ọjà Gẹ́gẹ́ bí Ìwé Ìtàn Ìlú Niamey

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ohun tí òwe yìí sọ nípa ọmọ bá ìlú àti àdúgbò mu pẹ̀lú. Ẹni tí ó bá rìn káàkiri Niamey, olú-ìlú orílẹ̀-èdè Nìjẹ̀r, yóò pàdé orúkọ bíi Kalley, Maourey, Zongo, Boukoki, Terminus, Lazaret àti Katako. Láti inú èdè Haúsá ni Katako ti wá. Pákó ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ibi tí ará Niamey ń pè ní Katako ni ará Ìbàdàn ìbá pè ní Ìsọ̀ Pákó, irú èyí tí ó wà ní Bódìjà. Orúkọ náà kúrú, ṣùgbọ́n ìbéèrè tí ó gbé dání kò kéré: ta ni ó ni ìlú? Ṣé ẹni tí ó kọ́kọ́ débẹ̀ ni, tàbí ẹni tí ó ru pákó tí wọ́n fi kọ́ ọ?

Odò Ọya tí ó ṣàn kọjá Jẹ̀bá àti Lọ́kọ́ja náà ni ó ṣàn kọjá Niamey. Isa Beri, èyíinì ni odò ńlá, ni àwọn Zarma ń pè é. Etí odò yìí ni abúlé àwọn apẹja àti àgbẹ̀ wà kí àwọn Faransé tó dé. Ìtàn àtẹnudẹ́nu nípa orúkọ abúlé náà kò ṣọ̀kan. Àwọn kan so ó mọ́ igi kan tí ó wà létí odò. Àwọn mìíràn so ó mọ́ àṣẹ tí ọ̀gá kan pa fún àwọn ènìyàn rẹ̀ pé kí wọ́n tẹ̀dó síbẹ̀. Àwọn Mawri àti àwọn Kalle, tí orúkọ wọn ṣì wà lára àdúgbò Maourey àti Kalley, ní ipò pàtàkì nínú àwọn ìtàn wọ̀nyí, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń pìtàn ni ó sábà máa ń pinnu ẹni tí ó ṣáájú. Kò yẹ kí èyí ya onímọ̀ lẹ́nu. Níbi tí kò bá ti sí ìwé ilẹ̀, ìtàn ìtẹ̀dó ni ó ń ṣe iṣẹ́ ìwé ilẹ̀. Ní Niamey yìí kan náà ni CELHTO fìdí kalẹ̀ sí, ilé-iṣẹ́ ìwádìí èdè àti ìtàn àtẹnudẹ́nu tí Àjọ Ìṣọ̀kan Áfíríkà gbà mọ́ra ní 1974.

Abúlé yìí kò dédé di ìlú ńlá. Ní 1890, Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fa ààlà láti Say, ìlú kan tí ó wà nísàlẹ̀ odò, títí dé Adágún Chad. Nígbà tí àwọn ológun Faransé ń gba ilẹ̀ náà, wọ́n kọ́ àgọ́ sí Niamey ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún. Ní 1911 wọ́n kó ibùjókòó ìjọba lọ sí Zinder. Nìjẹ̀r di ilẹ̀ àmúnisìn lábẹ́ gómìnà ní 1922. Ní 1926 wọ́n dá olú-ìlú padà sí Niamey. Omi kò tó ní Zinder, ojú àwọn oníṣòwò ibẹ̀ sì wà lára Kánò tí ó wà lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì. Niamey ní odò, ó sì sún mọ́ ọ̀nà Kùtọ̀nù. Nǹkan bí 3,000 ènìyàn péré ni ó ń gbé ibẹ̀ nígbà náà.

Láti ìgbà náà ni oríṣi orúkọ àdúgbò kejì ti gbilẹ̀. Maourey àti Kalley jẹ́ orúkọ ìran. Wọ́n ń sọ ẹni tí ó dé. Àwọn tí ó kù jẹ́ orúkọ ìrìn àti iṣẹ́. Wọ́n ń sọ ohun tí àwọn tí ó dé wá ṣe. Zongo ni ibùdó àwọn èrò ọ̀nà ní èdè Haúsá. Terminus, láti inú èdè Faransé, ni ibi tí ọkọ̀ ń parí ìrìn sí. Lazaret ni ibi tí wọ́n ń ya aláìsàn sọ́tọ̀ sí. Nígbà ọ̀dá 1973 sí 1974, agbègbè rẹ̀ di àgọ́ àwọn Tuareg tí ẹran ọ̀sìn wọn ti kú tán. Ní ti Boukoki, Yorùbá kò nílò ògbufọ̀: bukkoki ni ọ̀pọ̀ bukka, ahéré onípòpórò, èyí tí ó bí búkà tí gbogbo olóúnjẹ ẹ̀bá ọ̀nà ń lò nílẹ̀ wa.

Katako wà láàrin orúkọ iṣẹ́ wọ̀nyí. Ilé alámọ̀ tí òrùlé rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ kò béèrè pákó púpọ̀. Igi àjà tí wọ́n ń gé lára irú ọ̀pẹ kan tí ikán kì í jẹ, tí ó pọ̀ ní agbègbè Gaya, ti tó fún un. Ọ́fíìsì, ilé-ìwé, ṣọ́ọ̀bù àti ọkọ̀ akẹ́rù ni ó sọ ìlẹ̀kùn, fèrèsé, bẹ́ǹṣì àti pákó ara ọkọ̀ di dandan. Igi tí ó tóbi tó láti là kò sì pọ̀ nítòsí Niamey. Gúúsù ni púpọ̀ nínú pákó náà ti ń wá. Lónìí, yàtọ̀ sí àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà, àwọn tí ń sọ irin àlòkù àti àgbá epo di ààrò àti àpótí wà ní Katako, àwọn oníṣòwò lóríṣiríṣi sì wà pẹ̀lú wọn.

Olùkọ́ èdè Yorùbá tí ó bá gbọ́ katako yóò rántí pátákó. Ìtumọ̀ méjèèjì sún mọ́ra, sílébù mẹ́ta ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ní, kọ́ńsónáǹtì àkọ́kọ́ nìkan ni ó sì yàtọ̀. Pẹ̀lúpẹ̀lù, p Yorùbá jẹ́ àfàséfètèpè, irú ìró tí Haúsá kò ní. Kò ṣòro láti rò ó pé k ni yóò rọ́pò rẹ̀. Síbẹ̀, ìjọra kì í ṣe ẹ̀rí. Ọ̀rọ̀ lè ti ìhà kan lọ sí èkejì, àwọn méjèèjì sì lè ti ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn yá a. Onímọ̀ tí ó bá fi ìjọra lásán sọ pé Yorùbá ni ó ni Katako ti ṣe ohun tí àwọn olùpìtàn ìtẹ̀dó ń ṣe: ó ti fi ọ̀rọ̀ gba ilẹ̀.

Gbígba ilẹ̀ báyìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà. Ọkọ̀ ojúurin láti Kùtọ̀nù gba Ṣábẹ̀ẹ́ kọjá, ó sì dé Pàràkú ní 1936. Ibẹ̀ ni ó dúró sí, mọ́tò ni ó ń gbé ẹrù dé Niamey. Ojú ọ̀nà yìí ni ọ̀pọ̀ ọmọ Dahomey gbà wá, tí àwọn Nàgó wà lára wọn. Àwọn tí ó kàwé nínú wọn di akọ̀wé àti olùkọ́ lábẹ́ Faransé. Nígbà tí òmìnira dé ní 1960, ipò wọn di ohun ìjà. Aáwọ̀ erékùṣù Lété tí ó wà láàrin odò dá kún un, ní ìparí 1963 ìjọba Nìjẹ̀r sì pàṣẹ pé kí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tí wọ́n jẹ́ ọmọ Dahomey máa lọ sí ilé wọn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti bímọ sí Niamey. Ọjọ́ 12 oṣù Keje 2005 ni Ilé-Ẹjọ́ Àgbáyé tó parí ẹjọ́ erékùṣù náà: nínú erékùṣù 25, Nìjẹ̀r gba 16, Lété sì wà nínú rẹ̀, Bẹ̀nẹ̀ gba 9.

Yorùbá mọ ìtàn yìí nílé ara wọn. Ní oṣù Kọkànlá 1969, ìjọba Busia ní Gánà lé àwọn àjèjì tí kò ní ìwé, ọ̀pọ̀ oníṣòwò Yorùbá sì fi ṣọ́ọ̀bù wọn sílẹ̀. Ní oṣù Kìn-ín-ní 1983, Nàìjíríà náà lé àwọn àjèjì, àwọn ọmọ Gánà àti Nìjẹ̀r sì wà lára wọn. Bẹ́ẹ̀ Sábó Ìbàdàn, tí wọ́n dá sílẹ̀ fún àwọn Haúsá ní 1916, ṣì ń jẹ́ Sábó.

Niamey kò dẹ́kun dídàgbà. Afárá Kennedy so òdìkejì odò pọ̀ mọ́ ọn ní 1970. Nǹkan bí 400,000 ènìyàn ni ó wà níbẹ̀ ní 1988, wọ́n sì tó nǹkan bí mílíọ̀nù kan ní 2012. Ẹnubodè sì tún di títì. Lẹ́yìn tí ológun gbàjọba ní oṣù Keje 2023, ECOWAS dí ọ̀nà. Nígbà tí ó sì yọ ìdènà rẹ̀ ní oṣù Kejì 2024, Nìjẹ̀r fúnra rẹ̀ kọ̀ láti ṣí ọ̀nà Bẹ̀nẹ̀. Ojú ọ̀nà tí pákó àti akọ̀wé gbà wá náà ni wọ́n tì.

Nítorí náà ni ó fi yẹ kí a kọ orúkọ àdúgbò sílẹ̀ pẹ̀lú ìtumọ̀ rẹ̀, kí a sì kọ́ ọmọ ilé-ìwé láti kà á bí ìwé ìtàn. Àmọ́ kí a má ka orúkọ ìran nìkan. Maourey àti Kalley ń sọ òtítọ́, ṣùgbọ́n apá kan ni. Katako kò sọ ẹ̀yà ẹnikẹ́ni. Zarma, Haúsá, Fúlàní, Tuareg, Nàgó, ẹnikẹ́ni tí ó bá ti ra pákó tàbí là á níbẹ̀ wà nínú orúkọ náà, yálà ó ṣì ń gbé Niamey tàbí wọ́n ti lé e lọ.