Àwọn Obìnrin Tó Tún Ìtàn Ogun Kọ

Ọjọ́ 10 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1894 ni àwọn obìnrin kan péjọ sí Nashville, ní ìpínlẹ̀ Tennessee, tí wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Caroline Meriwether Goodlett àti Anna Davenport Raines ló ṣagbátẹrù rẹ̀, orúkọ tó sì wá mọ́ ẹgbẹ́ náà lórí ni United Daughters of the Confederacy. Ọdún 29 ti kọjá lẹ́yìn Ogun Abẹ́lé Amẹ́ríkà. Bàbá wọn àti ọkọ wọn ti jà fún Gúúsù, ìyẹn àwọn ìpínlẹ̀ tó yapa láti dá ìjọba tiwọn sílẹ̀, Gúúsù sì ti fìdí rẹmi.

Kí ẹgbẹ́ yìí tó dé làwọn obìnrin Gúúsù ti ń ṣa òkú ọmọ ogun wọn jọ, tí wọ́n ń sin wọ́n tẹ̀yẹtẹ̀yẹ. Ta ló máa bá wọn wí fún ìyẹn? Ṣùgbọ́n láti itẹ́ òkú, ère ìrántí àwọn ọmọ ogun náà bọ́ sí gbàgede ìlú àti iwájú ilé ẹjọ́.

Ère pọ̀ lóòótọ́, àmọ́ lójú tèmi, inú yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n ti rí ìṣẹ́gun tí wọn kò rí lójú ogun. Mildred Lewis Rutherford, olùkọ́ láti Athens ní Georgia, di òpìtàn àgbà ẹgbẹ́ ní 1911. Nígbà tó yá, ó kọ ìwé pẹlẹbẹ kan tí àwọn ilé ẹ̀kọ́ yóò fi máa yẹ ìwé ìtàn wò. Ìwé tó bá pe ọmọ ogun Gúúsù ní ọlọ̀tẹ̀, kí wọ́n kọ̀ ọ́. Èyí tó bá ní torí àtidi ẹrú mú ni Gúúsù ṣe jà, kí wọ́n kọ̀ ọ́. Èyí tó bá ní olówó ẹrú rorò ńkọ́? Òun náà kò gbọ́dọ̀ wọlé. Ó tilẹ̀ ní kí àwọn ilé ìkàwé kọ ọ́ sójú ìwé bẹ́ẹ̀ pé ó ṣe àìdáa sí Gúúsù.

Bẹ́ẹ̀, ẹnu àwọn aṣáájú Gúúsù fúnra wọn la ti kọ́kọ́ gbọ́ pé torí ẹrú ni. Ní 21 oṣù Kẹta 1861, Alexander Stephens, igbákejì ààrẹ wọn, sọ fún èrò ní Savannah pé orí pé aláwọ̀ dúdú kò bá funfun dọ́gba, àti pé ẹrú ló yẹ kó jẹ́, ni wọ́n fi ìpìlẹ̀ ìjọba tuntun náà lé. Ogun parí, Stephens yìí kan náà wá kọ ìwé onípele méjì pé ẹ̀tọ́ àwọn ìpínlẹ̀ ló fa ìjà.

Ẹrú tó tó mílíọ̀nù mẹ́rin ló wà ní Amẹ́ríkà nígbà tí ogun bẹ̀rẹ̀. Kò sẹ́ni tó pè wọ́n wá jẹ́rìí sí ìtàn tí ẹgbẹ́ náà ń kọ́ni. Dípò bẹ́ẹ̀, ní 1923, ẹgbẹ́ náà fẹ́ gbé ère ìyá dúdú tó ń tọ́ ọmọ òyìnbó kalẹ̀ ní Washington, Ilé Aṣòfin Àgbà sì fọwọ́ sí i. Àwọn ìwé ìròyìn aláwọ̀ dúdú àti ẹgbẹ́ àwọn obìnrin wọn fárígá, ère náà kò sì rí ibi dúró.

Ṣùgbọ́n irú ìyá bẹ́ẹ̀ ti wà ní itẹ́ òkú àwọn ológun ní Arlington, lẹ́bàá Washington, láti 1914, lára òpó ìrántí tí ẹgbẹ́ yìí gbé kalẹ̀: ó gbé ọmọ ọ̀gágun òyìnbó dání, ẹrú kan sì ń tẹ̀ lé olówó rẹ̀ lọ sójú ogun. Oṣù Kejìlá 2023 ni wọ́n gbé e kúrò. Ní oṣù Kẹjọ 2025, Pete Hegseth, olórí iléeṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà, kéde pé wọn yóò dá a padà.