Àríwísí Tí Ń Tún Iṣẹ́ Ṣe: Ìtàn Ìyáàfin Cameron Ayàwòrán

Àwọn baba wa a máa wí pé ẹni tí ń yẹ̀nà kì í mọ̀ bí ẹ̀yìn òun bá wọ́. Nítorí náà ni ó ṣe yẹ kí olúkúlùkù ẹni tí ń kọ́ iṣẹ́ ọnà ní ẹnìkan tí yóò dúró lẹ́yìn rẹ̀, tí yóò sì fi ibi tí ó ti wọ́ hàn án. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó dúró lẹ́yìn ní láti kọ́kọ́ mọ ibi tí ayẹ̀nà ń lọ. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, yóò pe ọ̀nà títọ́ ní wíwọ́. Ọ̀rọ̀ yìí hàn gbangba nínú ìtàn Julia Margaret Cameron.

A bí ìyá yìí ní Calcutta, ní ilẹ̀ Íńdíà, ní ọdún 1815. Ẹni ọdún 48 ni, ó sì ń gbé Freshwater ní erékùṣù Wight ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nígbà tí ọmọbìnrin rẹ̀ àti ọkọ ọmọ náà fi kámẹ́rà kan ta á lọ́rẹ ní ìparí ọdún 1863. Kò mọ nǹkan kan nípa iṣẹ́ náà. Ìfẹ́ ni ó tì í dé ibẹ̀. Ó sọ ilé èédú rẹ̀ di yàrá òkùnkùn, ó sì sọ ilé adìẹ kan tí a fi dígí ṣe di ibi tí yóò ti máa ya ènìyàn. Nígbà tí àwòrán ọmọdébìnrin kan tí ń jẹ́ Annie kọ́kọ́ bọ́ sí i ní January 1864, ayọ̀ rẹ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi sáré káàkiri ilé, ó ń wá ẹ̀bùn tí yóò fún ọmọ náà.

Iṣẹ́ àwòrán ìgbà náà le. A ó da oògùn olómi kan tí a ń pè ní kolódíọ̀nù sí ojú dígí, a ó rì í bọ inú omi oògùn fàdákà, a ó sì ya àwòrán kí ó tó gbẹ. Bí eruku bá bà lé dígí, tàbí bí ìka bá kàn án, àpá rẹ̀ yóò hàn lórí bébà.

Ní ọdún 1864 ó wọ Ẹgbẹ́ Ayàwòrán ti Lọ́ńdọ̀nù, èyí tí a dá sílẹ̀ ní 1853. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó fi iṣẹ́ rẹ̀ sí ìpàtẹ, ìwé ìròyìn Ẹgbẹ́ náà kò dá a sí. Ẹ̀sùn méjì ni wọ́n fi kàn án: èkíní, pé ojú àwọn tí ó yà kò hàn gaara; èkejì, pé dígí rẹ̀ kún fún àbàwọ́n. Wọ́n di méjèèjì pọ̀, wọ́n sì fi wọ́n ṣe ẹ̀rí pé obìnrin náà kò mọ iṣẹ́.

Ẹ̀sùn méjèèjì kò sì rí bákan náà rárá. Lóòótọ́, èèṣì ni àwòrán rẹ̀ kọ́kọ́ fi rí bàìbàì; ṣùgbọ́n nígbà tí ó rí i pé ẹwà wà níbẹ̀, ó mọ̀ọ́mọ̀ ń dúró níbi tí ojú náà bá ti dára lójú rẹ̀, kò sì yí ẹ̀rọ náà síwájú mọ́. Ní ìparí ọdún 1864 ó kọ̀wé sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ Sir John Herschel, ó bi í pé ta ni ó ní àṣẹ láti sọ irú ríríran tí ó tọ́ fún ẹ̀rọ. Ohun tí wọ́n pè ní àṣìṣe ni ibi tí ó ń lọ gan-an. Ṣùgbọ́n àbàwọ́n ni àbàwọ́n ń jẹ́, òótọ́ sì ni wọ́n sọ nípa rẹ̀. Nígbà tí ó kọ ìtàn iṣẹ́ ara rẹ̀ ní 1874, ó wí pé àríwísí wọn le, kò sì tọ́, débi pé òun kò kà á sí. Bí òótọ́ tí a dì mọ́ ẹ̀gàn ṣe máa ń ṣòfò nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí a wo Herschel wàyí. Onímọ̀ ńlá ni. Òun ni ó fi oògùn tí ń mú kí àwòrán dúró láìpòórá hàn ní 1839. Nígbà tí ó gbọ́ pé ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń jẹ́ kí májèlé sáyánáìdì ṣàn sí i lọ́wọ́ nídìí iṣẹ́, ó kìlọ̀ fún un kíkan-kíkan pé kí ó ṣọ́ra. Nígbà tí ó sì rí àwòrán ọmọbìnrin kan tí ó yà ní 1866, kò wí pé ó dára kí ó sì dákẹ́. Ó ṣàlàyé pé bí alààyè ni ọmọbìnrin náà rí, bí ẹni pé orí rẹ̀ ń yọ jáde kúrò nínú bébà. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ń fi ohun tí iṣẹ́ òṣìṣẹ́ ṣe lójú ẹlòmíràn hàn án.

Ohun kan sì tún ṣẹlẹ̀ tí ó yẹ kí a kíyè sí. Ní 1869, ojú ọ̀pọ̀ nínú dígí rẹ̀ tí ó ṣe iyebíye bẹ̀rẹ̀ sí í sán. Ọ̀dọ̀ Ẹgbẹ́ tí ó ti gàn án náà ni ó gbé ọ̀rọ̀ náà lọ, àwọn ọmọ Ẹgbẹ́ sì jọ wádìí ohun tí ó fa á. Ìbéèrè pàtó ni ó bi wọ́n, ìdáhùn pàtó ni wọ́n sì wá fún un.

Ìpàtẹ ìlú Berlin ti fún un ní àmì ẹ̀yẹ idẹ ní 1865, ó sì gba ti wúrà ní 1866. Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé ti South Kensington ra àwòrán rẹ̀ ní 1865, ó sì fún un ní yàrá méjì láti máa ṣiṣẹ́ ní 1868. Ó kú ní Ceylon, tí a ń pè ní Sri Lanka nísinsìnyí, ní 1879.

Ẹ̀yin olùkọ́, nígbà tí ọmọ bá mú àwòrán tàbí àròkọ rẹ̀ wá, ẹ kọ́kọ́ bi í léèrè ohun tí ó fẹ́ ṣe. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wí ohun tí ẹ rí, kí ẹ fi ọwọ́ kan ibi tí ó ti bàjẹ́, kí ẹ sì sọ bí a ṣe lè tún un ṣe. Nítorí bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, ọwọ́ ọ̀tún ni a ó fi fà á mọ́ra. Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, bí ìbáwí bá dùn yín, ẹ má ṣe sọ gbogbo rẹ̀ nù. Ẹ fẹ́ ẹ bí ìyá ti ń fẹ́ ìrẹsì nínú àtẹ: ìyàngbò ni afẹ́fẹ́ yóò gbé lọ, ṣùgbọ́n hóró ni ẹ ó sè jẹ.