Ẹ̀tàn, Jìbìtì àti Ìdájọ́ Wọn

Kì í ṣe gbogbo irọ́ ni òfin ń tìtorí rẹ̀ sọ ènìyàn sí ẹ̀wọ̀n. Ẹni tí ó parọ́ ọjọ́ orí rẹ̀ láàárín ẹgbẹ́ tan ẹgbẹ́ rẹ̀ jẹ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ta ilẹ̀ tí ó mọ̀ dájú pé kì í ṣe tirẹ̀, tí ó sì gba owó lé e, jìbìtì ni ó lù. Ó yẹ kí tọmọdé tàgbà Ìkìrun, Ìnísà àti Òkukù mọ ìyàtọ̀ yìí, nítorí àìmọ òfin kì í gba ènìyàn lọ́wọ́ ìdájọ́.

Láyé àwọn baba wa, ojúlùmọ̀ ni òǹtajà àti òǹrajà. Bí ẹ̀tàn bá di ẹjọ́, ọ̀dọ̀ baálé ni a ń kọ́kọ́ gbé e lọ. Bí kò bá tán níbẹ̀, ó di ọ̀dọ̀ ìjòyè àti ọba. Bí ẹni tí ó jẹ gbèsè bá kọ̀ tí kò san, a lè rán ológò lọ dógò tì í títí àwọn ará ilé rẹ̀ yóò fi wá owó náà. Ohun tí wọ́n ń lépa ni pé kí ohun olóhun padà sí ọwọ́ rẹ̀.

Ní 1907 ni ojú irin dé Òṣogbo. Lẹ́yìn náà ni ó gba Ìkìrun àti Òkukù kọjá sí Ìlọrin. Ọjà gbòòrò, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá àjèjì tí a kò mọ baálé rẹ̀ dòwò pọ̀. Ní 1916, ìwé òfin ọ̀daràn kan ṣoṣo di ti gbogbo Nàìjíríà. Abala 418 ni ó túmọ̀ jìbìtì: kí ènìyàn fi ọ̀rọ̀ ẹnu, ìwé tàbí ìwà fi ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀ hàn bí òtítọ́, nígbà tí òun fúnra rẹ̀ mọ̀ pé irọ́ ni. Abala 419 sọ pé ẹni tí ó bá fi irú irọ́ bẹ́ẹ̀ gba ohun olóhun láti rẹ́ ẹ jẹ lè ṣẹ̀wọ̀n ọdún 3. Nítorí náà, àgbẹ̀ tí ó yáwó pẹ̀lú èrò àtisan, tí ọ̀dá sì ba oko rẹ̀ jẹ́, ajigbèsè ni, kì í ṣe oníjìbìtì.

Ní oṣù December 1921, wọ́n fi ẹ̀sùn abala 419 kan P. Crentsil, òṣìṣẹ́ ìjọba àná kan tí ó ń kọ lẹ́tà kiri pé òun ní agbára ìyanu, tí ó sì ń béèrè owó. Adájọ́ kìlọ̀ fún un, ó sì dá a sílẹ̀, nítorí ẹ̀rí kò tó. Ẹ kò rí i pé ẹni tí kò gba ìwé ẹ̀rí nígbà tí ó ń san owó ti ran oníjìbìtì lọ́wọ́?

Òfin 2006 tún le ju ti ìṣáájú lọ: ẹ̀wọ̀n rẹ̀ kò gbọdọ̀ dín ní ọdún 7, ó sì lè tó 20, láìsí ààyè owó ìtanràn. Abala 11 rẹ̀ sì ní kí adájọ́ pàṣẹ pé kí ọ̀daràn dá ohun tí ó gbà padà fún olóhun. Ọgbọ́n àwọn baba wa ni òfin padà wá bá yìí.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, ẹ ronú. Bí ọmọ wa bá ra ọjà àwìn ní ìlú òkèèrè, orúkọ ìlú rẹ̀ ni onídùúró rẹ̀. Ẹni kan ṣoṣo tí ó lu jìbìtì ń ba àwìn ẹgbẹ̀rún olóòótọ́ jẹ́. Bí irọ́ bá sì lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a.